ÌDÁKẸ́JẸ́ TÍ Ń LA ETÍ: Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ LÓRÍ ÀṢÀRÒ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 3:1–10, 1 Àwọn Ọba 19:9–13, Máàkù 8:22–25

 

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tí ó dá ẹ̀mí wa sí di ọjọ́ òní. Àwọn kan bá wa bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ọdún yìí tí wọn kò sí mọ́. Kí Olúwa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a kù, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe wa.

Ní ọjọ́ ayọ̀ bí èyí, ìlù ń dún, agogo ń dún, ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin, olúkúlùkù sì ń jó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí yìí, ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ kà á nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀.

1. ṢÉ ÌDÁKẸ́JẸ́ JẸ́ TI ALÁDÚRÀ?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Akọ̀wé, Aládúrà ni wá o! Àdúrà kíkan ni a fi mọ̀ wá. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwa pẹ̀lú kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé agogo tì tàbí kí ó pa ohùn rẹ̀ mọ́ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, débi pé Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Tara rẹ̀ kò bá a dákẹ́, nítorí pé ọmọ tí ó tọrọ ni Sámúẹ́lì tí à ń ka ìtàn rẹ̀ yìí. Ẹnu dákẹ́, ọkàn kò dákẹ́. Ohun tí òwe wa ń bá wí ni ẹni tí ó gbé ẹrù tí kò sọ fún ẹni tó lè sọ̀ ọ́. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run ti gbé ẹrù tirẹ̀ dé ibi tí ó yẹ.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé àṣàrò jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà tàbí ti ẹgbẹ́ awo. Lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Híńdù ní tiwọn, wọ́n sì ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 24:63, ẹ ó rí Ísáákì tí ó jáde lọ sínú pápá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àṣàrò ni ó sì lọ ṣe. Ẹ ṣí Jóṣúà 1:8, ẹ ó rí i pé àṣẹ ni Ọlọ́run fi í pa, tọ̀sán tòru. Ẹ ṣí Máàkù 1:35, ẹ ó rí Jésù Olúwa wa tí ó dìde ní ìdájí, tí ó lọ síbi tí kò sí ẹnìkan. Ohun ìní wa ni. Bí a bá wá fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ta ni a ó bá wí?

2. KÍ NI ÀṢÀRÒ?

Ẹ wo ewúrẹ́ tí ó ti jẹ káàkiri ìlú láti òwúrọ̀. Bí ó bá di alẹ́, yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa jẹ àpọ̀jẹ. Koríko tí ó gbé mì ní ọ̀sán ni ó ń pọ̀ wá sẹ́nu, tí ó tún ń rún un, títí tí yóò fi di oúnjẹ nínú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àṣàrò rí. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, tí a gbé mì láìrún un, òun ni a ń pọ̀ padà wá sí iyè, tí a ń rún jẹ́jẹ́. A kò ní kí ẹ sọ orí yín di òfìfo. Ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan, tàbí orúkọ Jésù nìkan, ó tó láti fi jókòó.

Bí ọkàn bá sá lọ, kí a mú un padà wá. Bí ó bá tún sá lọ, kí a tún mú un padà wá. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó dàbí ẹni ń da ewúrẹ́ wọlé: a kì í nà án, a kì í sì í bínú sí i, a kàn ń dá a padà ni.

3. OHUN TÍ Ó Ń ṢE SÍ ỌKÀN

A kò ní tàn yín jẹ. Ní ọjọ́ kìíní tí ẹ bá jókòó, ọkàn yín yóò di ọjà. Owó ilé ìwé ọmọ yóò pariwo. Gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò pariwo. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn yóò dìde bí ẹni pé àná ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sá kúrò níbẹ̀, wọ́n á ní, "Kò bá mi lára mu." Ẹ gbọ́ ná: ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni ó mú ariwo yẹn wá. Ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ìgbà yìí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, tí obìnrin bá pọn omi tó rú wálé, kì í bá omi náà jà. Yóò dà á sínú àmù, yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ojú omi á sì mọ́ gaara. Ọkàn ènìyàn náà nílò ìrọlẹ̀ báyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nǹkan a máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ń ṣe é yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìbínú nígbà tí ó bá ṣì wà ní àyà, kí ó tó dé ẹnu. Láàrin ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i àti ìgbà tí yóò fèsì, àyè kékeré kan yóò ṣí sílẹ̀. Nínú àyè kékeré yẹn ni ìgbàlà ọ̀pọ̀ ilé wà. Etí rẹ̀ náà yóò là. Ọdẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ igbó lóru, ariwo lásán ni ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ tí ó ti pẹ́ lórí ẹ̀gùn, ó mọ ewé tí afẹ́fẹ́ mì yàtọ̀ sí ewé tí ẹtu tẹ̀. Igbó kan náà ni, òru kan náà ni. Jíjókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀ ni ó la etí àgbà.

Ojú pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ẹ rántí afọ́jú Bẹtisáídà. Nígbà tí Olúwa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó ríran, ṣùgbọ́n bí igi ni àwọn ènìyàn rí lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà ní ìdajì ìwòsàn yẹn títí di òní. Bí igi ni a ń wo ènìyàn: èyí tí a lè ká èso rẹ̀, èyí tí ó dínà tí ó yẹ kí a gé. Ọkọ ń gbé pẹ̀lú aya fún 20 ọdún láìtíì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Àfi kí Olúwa fọwọ́ kàn wá lẹ́ẹ̀kejì kí a tó rí ènìyàn bí ènìyàn. Ẹni tí kò bá sì dúró jẹ́ẹ́, báwo ni a ó ṣe fọwọ́ kan ojú rẹ̀?

4. ÌTÀN SÁMÚẸ́LÌ ÀTI TI ÀWỌN BÀBÁ WA

Ìgbà mẹ́ta ni a pe Sámúẹ́lì, ìgbà mẹ́ta náà ni ó sáré tọ Élì lọ. Ó gbọ́ ohùn náà ní ìgbà kìíní, kò kàn mọ ẹni tí ó ni ín ni. Élì kò gbàdúrà kí ohùn náà le sí i. Ó ní kí ọmọ padà lọ dùbúlẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dáhùn bí ẹni tí ó ṣe tán láti gbọ́. Nígbà kẹrin, ó mọ̀ ọ́n. Ohùn kò yí padà, ọmọ ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún Èlíjà lórí òkè Hórébù: ìjì kọjá, ilẹ̀ mì tìtì, iná jó, ṣùgbọ́n nínú ohùn kékeré jẹ́ẹ́ tí ó tẹ̀lé wọn ni ó ti bo ojú rẹ̀ tí ó jáde.

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ mọ ọ̀nà yìí. Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, kò lè rìn fún ọdún púpọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Ọkùnrin tí ó jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó padà di oníwàásù tó rin ìlú dé ìlú, tí ó dé Èkó ní 1924, tí ẹgbẹ́ Séráfù sì ti ọwọ́ òun àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1925.

Ẹ wo Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá pẹ̀lú, tí a bí ní 1904 ní Òdò-Ọwá, tí kò jìnnà sí ìhà tiwa níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Kwara ni a kà á kún lónìí. Awakọ̀ katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù October 1928, ní Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́, ó gbọ́ ìpè. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó sì dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run nínú àdúrà. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní July 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì wa. Ẹgbàágbèje ènìyàn rí ìsọjí 1930, ṣùgbọ́n ta ni ó rí ìdákẹ́jẹ́ 1928? Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Omi tí ó hó ní gbangba, níbi kọ́lọ́fín ni a ti gbé e ka iná.

5. OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ

Àwọn ọmọ wa tí ó ń kàwé ní Yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ àti níhìn-ín ní Ìkọ̀lé a máa bi wá pé, "Ṣé ẹ̀rí wà fún un?" Ó wà dé ìwọ̀n kan. Ní 2005, Sara Lazar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ 20 ènìyàn tí wọ́n ti ń ṣe àṣàrò fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì fi wé ti 15 tí kì í ṣe é. Wọ́n rí i pé àwọn apá kan tí a fi ń fiyè sílẹ̀, tí a sì fi ń mọ ohun tó ń lọ nínú ara, nípọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin wo àwọn tí iye wọn lé ní 200, tí a pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn kan nínú wọn kọ́ àṣàrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọn kò rí i pé ẹ̀kọ́ náà yí bí ọpọlọ ti rí padà. A sọ méjèèjì fún yín kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àbùmọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Èyí tí ó súnmọ́ tiwa jù ni ti T. M. Luhrmann, ìyá onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford, tí ó kọ ìwé When God Talks Back ní 2012. Ó kó àwọn onígbàgbọ́ jọ. Ó ní kí àwọn kan máa fi Ìhìnrere gbàdúrà pẹ̀lú àṣàrò, kí wọ́n máa fi ojú inú rí ohun tí wọ́n gbọ́. Ó ní kí àwọn mìíràn máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lásán nípa Ìhìnrere. Ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́ ni, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí ó gbàdúrà sọ pé ohun tí ojú inú wọn ń rí mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì sọ ju àwọn yòókù lọ pé àwọn gbọ́ tàbí pé àwọn mọ̀ ọ́n lára bí ohun tí ó wà níta gan-an. Ìyá náà kò sọ pé Ọlọ́run wà tàbí pé kò sí, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó fi hàn ni pé àdúrà a máa kọ́ ojú inú bí iṣẹ́ ti ń kọ́ ọwọ́.

6. ÌKÌLỌ̀: Ẹ DÁN ÀWỌN Ẹ̀MÍ WÒ

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà, ẹ̀yin ará. Bí àdúrà àti ààwẹ̀ bá lè la ojú inú báyìí, a jẹ́ pé ojú tí ó là lè rí ti Ọlọ́run, ó sì lè rí ti ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù wa lè wọ aṣọ funfun kó dúró níwájú wa. Ìkórìíra wa lè fọhùn kó ní Ẹ̀mí ni òun. Ìdí nìyí tí 1 Jòhánù 4:1 fi ní kí a máa yẹ gbogbo ẹ̀mí wò.

A mọ ilé kan ní agbègbè wa yìí tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ kò tètè dé. Níbi ìpàdé kan, wọ́n ríran sí ìyàwó pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó so ó mọ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, láàrin èrò. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kò jẹ oúnjẹ ìyá àgbà mọ́. Bí màmá bá kí i, kò ní dáhùn. Ọkọ kó aya rẹ̀ kúrò nílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, ara ọkọ ni a ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n gba ìtọ́jú, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọbìnrin. Wọ́n gbé ọmọ náà wálé láti wá tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kú ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn ará ilé sọ pé títí ó fi kú ni ó ń béèrè pé, "Kí ni mo ṣe fún ọmọ mi ná?"

Ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹ̀yin aríran, ẹ̀yin wòlíì, a bẹ̀ yín, ẹ ro ìbéèrè ìyá yẹn dáadáa kí ẹ tó la ẹnu. Ìlérí wà nínú Hábákúkù orí kejì pé ìran òtítọ́ ní àkókò tirẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Ìran tí kò bá lè bá ẹ sùn di ọjọ́ kẹta nínú ìdákẹ́jẹ́, tí ó ní àfi kí òun jáde nísinsin yìí láàrin èrò, ẹ fura sí i. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Ṣé ó bá Ìwé Mímọ́ mu? Ṣé ó ń so ènìyàn pọ̀, àbí ó ń tú wọn ká? Ṣé èmi tí mo rí i ti ní ohun kan nínú sí ẹni tí mo rí i sí? Àṣàrò nìkan ni ó lè dáhùn ẹ̀kẹta, nítorí pé inú wa ni ìdáhùn wà.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ ohùn tí ó ń bú u, tí ó ń ní kó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, tí kò sùn, tí kò jẹun, ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ kún un, ẹ má sì dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àìsàn ni. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó nítòsí wa, àwọn oníṣègùn á sì mọ ibi tí wọn yóò darí rẹ̀ sí. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, tí ó ń tọ́jú irú àwọn wọ̀nyí láàrin àwọn ẹbí wọn ní abúlé, ọ̀pọ̀ sì rí ìwòsàn. Ọlọ́run tí ó ń gbọ́ àdúrà ni ó fún oníṣègùn ní ọgbọ́n.

7. BÍ A Ó ṢE MÁA ṢE É

Ẹ yan àkókò kan, ìdájí ni ó dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà tó gba ìlú. Ẹ pa fóònù. Ẹ jókòó bí ara yín bá ṣe gbà, àgbàlagbà lè fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ka ẹsẹ Bíbélì kan lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Ẹ dijú, ẹ máa mí bí ẹ ti ń mí, kí ẹ sì máa rún ọ̀rọ̀ kan nínú ẹsẹ náà. Bí ọkàn bá lọ sí oko, ẹ dá a padà láìbínú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àdúrà kíkan yín bí ẹ ti ń gbà á. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á dínkù, yóò sì wúwo sí i.

Ẹ má ṣe wá ìran. Bí ó bá wá, ẹ dán an wò. Bí kò bá wá, ẹ kò pàdánù. Àmì tí a ó fi mọ̀ pé àṣàrò yín ń ṣiṣẹ́ ni èyí: kí aya yín, ọmọ yín, àti aládùúgbò yín sọ pé ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, ìjọ wa ti dàgbà. A ní ilé, a ní agogo, a ní akọrin. Ohun tí ó kù tí a ń tọrọ ní àjọ̀dún yìí ni etí. Kí Olúwa tí ó pe Sámúẹ́lì lóru pe àwa náà ní orúkọ. Kí ó fọwọ́ kan ojú wa lẹ́ẹ̀kejì, kí a má ṣe rí ọmọnìkejì wa bí igi mọ́. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa tú ilé onílé. Kí ó sìn yín padà sí ilé yín láyọ̀, ẹ̀yin àlejò wa, kí ọ̀nà má sì nà yín. Bí a ti pàdé ní ọdún yìí, kí á tún pàdé ní àmọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.